Kí Kámẹ́rà Lajú Pẹ́: Yíya Omi Láfẹ̀mọ́júmọ́ ní Ìlọrin

Nígbà tí ladánì bá pe ìrun àsùbáà ní Ìlọrin, ó máa ń ku wákàtí kan ó lé díẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Àkókò náà tó fún ẹni tó fẹ́ ya omi, bí kò bá fi ṣòfò: á kírun, á gbé àpò tó ti dì sílẹ̀ láti alẹ́ àná, á wọ ọ̀kadà lọ sí ẹ̀bá Dáàmù Asà, á sì na ẹsẹ̀ tripod rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ojú sánmà bá pọ́n kó tó jáde nílé, ó ti pẹ́. Ìdí nìyí tí orí yìí yóò fi sọ̀rọ̀ aago kó tó sọ̀rọ̀ kámẹ́rà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Nínú fọ́tò tí a mọ̀ sí fọ́tò, kámẹ́rà á ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó parí. Nínú iṣẹ́ yìí, kámẹ́rà kì í ṣẹ́jú. Ó ń lajú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 30, nígbà mìíràn odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo ohun tó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ lásìkò yẹn ló ń kó jọ sójú àwòrán kan ṣoṣo. Ohun tó dúró, bí àpáta, kùkùté, òpó afárá, á hàn kedere. Ohun tó ń rìn á yọ́. Omi tó ń ru á tẹ́jú bí àwo tí wọ́n nù, tàbí kó dà bí èéfín tó fara lélẹ̀. Àwọsánmà á fa ara rẹ̀ gùn bí òwú tí wọ́n ń ran. Ní 1838, Louis Daguerre gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé ní Paris, ó ya òpópónà Boulevard du Temple, níbi tí èrò àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kì í dá lọ́sàn-án. Kámẹ́rà náà lajú pẹ́ débi pé gbogbo èrò pòórá. Ọkùnrin kan tó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n bá a dán bàtà ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun àti ẹni tó ń dán an, nítorí àwọn nìkan ni kò kúrò lójú kan. Bí ẹ bá dé etí omi èyíkéyìí, ọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ rántí. Ẹ bi ara yín pé: kí ló máa dúró níbí, kí ló máa rìn? Bí kò bá sí ohun tó máa dúró, kò sí fọ́tò níbẹ̀, ẹ rìn síwájú.

Ìlọrin kò ní òkun. Láti ibí dé Èkó tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò níbí ló máa ń rò pé ọjọ́ táwọn bá dé etíkun làwọn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Èrò tèmi yàtọ̀ pátápátá. Òkun máa ń dán ènìyàn wò lọ́nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iyọ̀, afẹ́fẹ́, ìgbì, yanrìn, olè. Omi Asà kì í dán yín wò ju ọ̀nà kan lọ, ìyẹn ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ti mọ ìmọ́lẹ̀ ìdájí mú, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó wọkọ̀ Èkó.

Ojúmọ́ tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ Yúróòpù lórí iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kí ayàwòrán fara balẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní London, nínú oṣù Kẹfà, ìmọ́lẹ̀ tó tó fi ríran máa ń wà fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40 kí oòrùn tó yọ. Níbí, tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn kì í gba ẹ̀gbẹ́, ó ń gòkè ṣánṣán ni. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 péré la ní láàárín ìgbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ríran àti ìgbà tí oòrùn yọ. Láàárín ìṣẹ́jú 22 yẹn, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọwọ́ yín ni pé ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ ń di ìlọ́po méjì. Iye tí kámẹ́rà gbà ní aago 6:30 kò wúlò mọ́ ní aago 6:35.

Oòrùn tiwa máa ń yọ jù ní kùtùkùtù ní ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, díẹ̀ lẹ́yìn aago 6:20. Ó máa ń pẹ́ jù ní ìparí oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, nígbà tí aago 7 á ti lu kó tó yọjú. Ibi tó ń gbà yọ náà ń ṣí kiri. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ó ń yọ ní ìlà oòrùn gangan. Láàárín oṣù Kẹfà, ó ti sún sí apá àríwá. Ní ìparí ọdún, ó ti sún sí apá gúúsù. Bí ẹ bá na apá yín gbọọrọ, tí ẹ di ẹ̀ṣẹ́, tí ẹ sì fi ìkúùkù yín wọn ojú sánmà, sísún náà tó ìkúùkù méjì àtààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igi tí oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀ lóṣù Kejìlá lè má rí oòrùn rárá lóṣù Kẹfà. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lójú ọ̀sán kí ẹ tó lọ lóru.

Ẹrù

Ẹ nílò kámẹ́rà tó gbà kí ẹ fọwọ́ ara yín yan iye àkókò tó máa fi lajú. Púpọ̀ nínú wọn máa ń dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ B tàbí Bulb sí. Ẹ nílò tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó wúwo. Bí tiyín bá fúyẹ́, ẹ ra omi inú ọ̀rá mẹ́wàá ní títì, ẹ kó o sínú báàgì, ẹ fi kọ́ abẹ́ àárín rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì kìlógíráàmù, mẹ́wàá á fún yín ní kìlógíráàmù márùn-ún, ẹ ó sì mu nínú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú.

Lẹ́yìn èyí ló kan gíláàsì dúdú tí à ń fi bo ojú lẹ́ńsì, tí àwọn olùtajà ń pè ní fílítà ND. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ló ń sọ iye ìgbà tó máa dín ìmọ́lẹ̀ kù. ND8 á sọ ìṣẹ́jú àáyá kan di mẹ́jọ. ND64 á sọ ọ́ di 64. ND1000 á sọ 1/30 ìṣẹ́jú àáyá di nǹkan bí odidi ìṣẹ́jú àáyá 30, á sọ 1/15 di ohun tó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ìṣirò yìí sórí ìwé kékeré, ẹ fi lẹ̀ mọ́ inú àpò, torí òtútù àti ìkánjú kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìṣirò ní ìdájí.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì ká fílítà lè lọ bá àwọn wẹ́dà, kó ra irú gíláàsì dúdú tí wọ́n máa ń gba inú rẹ̀ wo iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jó irin. Ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Ó ṣókùnkùn ju ND1000 lọ, ó sì máa ń sọ gbogbo àwòrán di àwọ̀ ewé. Ẹ kàn sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí kọ̀ǹpútà, àléébù náà á bá a lọ. Gíláàsì yẹn ni mo fi ṣe ọdún kan àkọ́kọ́ mi, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo kábàámọ̀ ni fílítà olówó pọ́ọ́kú tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀, tó fi àwọ̀ elésè àlùkò kun gbogbo omi mi fún oṣù mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé òun ló ń ṣe é. Kí ẹ tó ra fílítà, ẹ gbé e sórí ìwé funfun lójú oòrùn. Bí ìwé náà bá yí àwọ̀ padà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òwú mímọ́ méjì, bátìrì kejì, àti páálí dúdú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì kún un. Iṣẹ́ páálí náà ń bọ̀.

Omi tí a ní

Odò Asà ti gúúsù wá, ó la àárín ìlú kọjá lọ sí àríwá, títí tí omi rẹ̀ á fi dé Odò Ọya. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró sí bèbè apá ìwọ̀ oòrùn ló máa rí i kí oòrùn yọ lójú omi. Inú ìlú, lábẹ́ afárá bíi ti Àmílégbé, omi náà ń yára, ìdọ̀tí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Dáàmù ni kẹ́ ẹ lọ. Omi mímu ìlú ló wà níbẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ, nítorí náà ẹ lọ gba àyè lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ ojú yín. Bákan náà ni dáàmù inú ọgbà Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n fi sé Odò Ọ̀yún. Ẹ má gbé dúróònì lọ síbi méjèèjì láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ má sì dá lọ. Ẹni méjì ló yẹ kó wà létí omi nínú òkùnkùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, omi á kún dé inú koríko, orí koríko á máa mì lójú omi, fọ́tò á sì rí bí ẹni pé èéfín ń rú níbi tí koríko wà. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Omi á fà sẹ́yìn, bèbè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ á yọ síta, ẹrẹ̀ á sán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò àtijọ́, àwọn òkúta tó ṣẹ́kù nínú omi á wá di ọkùnrin tí wọ́n ń bá dán bàtà yẹn: àwọn nìkan ni kò ní kúrò lójú kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹrẹ̀ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jẹ́ kí kámẹ́rà lajú fún ìṣẹ́jú méjì, ohun gbogbo pé lójú mi. Nígbà tí mo délé, mo rí etí òkè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni tí ojú ń ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ kan lára tripod ló ti ń rì díẹ̀díẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé pákó pẹlẹbẹ mẹ́ta lọ́wọ́, mo ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ kí n tó gbé kámẹ́rà lé e. Ẹ má ṣe wọ inú omi lọ láìnídìí. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé inú omi tó dúró ń tan àrùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún.

Ẹ ó bá àwọn apẹja pàdé. Ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde. Mo rọ bàbá kan nígbà kan pé, “Ẹ kú ìdájí o, bàbá. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi ọkọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú kan péré.” Ó dáhùn pé, “Ọmọ mi, èmi lè dúró o. Omi ni kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ dúró.” Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ pàápàá ń jó lójú omi, nínú àwòrán tó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, á dà bí òjìji. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ hàn, ẹ gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára, láti 100 sí 1600; ohun tó gba ìṣẹ́jú àáyá 30 á wá gba bíi méjì. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó pòórá, ẹ jẹ́ kó máa tukọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Jẹ́bà wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí àríwá Ìlọrin. Odò Ọya níbẹ̀ fẹ̀, àpáta Ketsa yọ gọnbu láàárín rẹ̀, afárá ọkọ̀ ojú irin tó ti wà láti 1916 sì dúró lórí rẹ̀. Kò sí omi tó dára tó o fún iṣẹ́ yìí ní gbogbo Kwárà. Àmọ́ dáàmù iná mànàmáná wà ní òkè odò. Omi lè gòkè láìjẹ́ pé òjò rọ̀, ẹ má gbé ẹrù kalẹ̀ sí yanrìn tó ṣì tutù. Omi tó ń dà láti orí àpáta ní Òwù, ní Ìfẹ́lódùn, dára lójò, ṣùgbọ́n inú àfonífojì ló wà, oòrùn ìdájí kì í tètè débẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, kì í ṣe ní mẹ́fà.

Títẹ bọ́tìnì

Ẹ fi ISO sí 100, ihò lẹ́ńsì sí f/8 tàbí f/11. Ẹ má sún un dé f/22, àwòrán á di bàìbàì. Ẹ sọ fún kámẹ́rà pé kó tọ́jú fọ́tò ní RAW. Ẹ pa ohun tó ń dènà ìgbọ̀nrìrì nínú lẹ́ńsì, torí lórí tripod, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí òkúta tí ẹ fẹ́ kó hàn, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì rí i dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ sún bọ́tìnì láti AF sí MF kó má bàa tún máa wá ojú kiri. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti parí kí fílítà tó dé ojú lẹ́ńsì, nítorí lẹ́yìn ND1000, ẹ̀yin àti kámẹ́rà kò ní rí nǹkan kan mọ́. Bí tiyín bá jẹ́ kámẹ́rà onídígí, ẹ bo ihò tí à ń yọjú wò lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ lo rìmóòtù tàbí kí ẹ fi bọ́tìnì sí dídúró ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ọwọ́ yín ti kúrò lára rẹ̀ kó tó lajú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìlà oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àwọ̀ aró hàn, ẹ má fi fílítà kankan sí i: f/8, ìṣẹ́jú àáyá 30, ó tó. Bí ó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá sígbà náà, fọ́tò á ti ń funfun jù, ẹ fi ND8 sí i. Nígbà tí oòrùn bá fẹ́ yọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí ND64. Bí oòrùn bá ti yọ, ND1000. Bí ìṣirò bá sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ ṣe méjì àtààbọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ á ti pọ̀ sí i kí kámẹ́rà tó pajú. Àìmọ èyí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́ níbí. Ìwé òyìnbó tí wọ́n kà kò sọ ọ́ fún wọn.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, lẹ́yìn tí wọ́n bá lajú fún ìṣẹ́jú kan, máa ń gba ìṣẹ́jú kan mìíràn láti fọ àwòrán náà mọ́, ẹ kò sì ní lè ṣe nǹkan kan lásìkò yẹn. Nínú ìṣẹ́jú 22, ẹ kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti fi ṣòfò. Ẹ pa ètò ìfọ̀mọ́ náà títí oòrùn á fi yọ.

Ẹ má fi ojú yín wo oòrùn gba inú ihò kámẹ́rà, ì báà jẹ́ pé fílítà wà níbẹ̀. Ojú kò ní èèpá.

Ó ku páálí dúdú. Sánmà máa ń mọ́lẹ̀ ju omi lọ ní ìdájí, bí omi bá hàn, sánmà á jóná. Bí sánmà bá pé, omi á ṣú. Ní àwọn ọdún 1850, Gustave Le Gray ní Faransé dojú kọ ìṣòro kan náà pẹ̀lú òkun. Ó ya sánmà lọ́tọ̀ sórí gíláàsì kan, ó ya òkun lọ́tọ̀ sórí òmíràn, ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí bébà kan. Tiwa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ gbé páálí síwájú lẹ́ńsì kó bo ibi tí sánmà wà fún nǹkan bí 20, ẹ máa gbé e sókè-sódò díẹ̀díẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa fa ìlà, kí ẹ tó mú un kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò nílé pẹ̀lú fèrèsé. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lẹ́yìn bíi ogún ìgbà.

Ẹni tó ní fóònù nìkan kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Lórí iPhone, ẹ ya Live Photo, kí ẹ sì yan Long Exposure lẹ́yìn rẹ̀. Lórí púpọ̀ nínú àwọn Android, apá Pro máa ń gbà kí ẹ yan ìṣẹ́jú àáyá fúnra yín. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí kì í mì.

Ọyẹ́

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run débi pé oòrùn á yọ bí owó bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, tí ènìyàn á máa wò ó láìdijú. Ọ̀pọ̀ máa ń ní ojú ọjọ́ bàjẹ́. Ó dára jù fún wa. Eruku náà ń dín ìmọ́lẹ̀ kù bíi fílítà, òkè tó wà lókèèrè á sì nípọn, á fẹ́lẹ́ ní ìpele-ìpele. Ṣùgbọ́n ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta, kí ẹ sì fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó fi aṣọ nù ún, torí yanrìn tí a bá fi aṣọ fà á ń ha gíláàsì. Lójò, ìrì ni ọ̀tá: lẹ́ńsì tó ti inú ilé tútù jáde á ṣe ìkùukùu. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò níta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó ṣí i.

Nígbà tí ẹ bá dé òkun

Etíkun Èkó na láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, gúúsù ló kọjú sí. Nítorí náà, ní oṣù Kejìlá àti Kìíní, oòrùn máa ń yọ díẹ̀ sí ojú omi. Ní oṣù Kẹfà, orí ilẹ̀ ló ti ń yọ, òkun á sì tún máa bínú. Ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Bar Beach tí àwọn àgbà mọ̀ ti di ilẹ̀ Eko Atlantic. Tarkwa Bay, tí ògiri òkúta ẹnu èbúté Èkó ń dáàbò bò, ni mo máa ń kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ, nítorí omi ibẹ̀ rọ̀; ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èrò débẹ̀, ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Kí ẹ tó gbé nǹkan kalẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wo ibi tí ìgbì tó gùn jù ń dé, kí ẹ sì gbé àpò yín sẹ́yìn ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má kẹ̀yìn sí òkun. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tán, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu iyọ̀ kúrò lójú lẹ́ńsì, kí ẹ tó fi gbígbẹ nù ún. Omi inú ọ̀rá tó kù ni kẹ́ ẹ fi ṣan ẹsẹ̀ tripod kí ẹ tó ká a, torí iyọ̀ á jẹ ẹ́ kí ẹ tó padà dé Ìlọrin.

Ìṣẹ́jú àáyá 30 létí òkun á kó ìgbì méjì tàbí mẹ́ta jọ, gbogbo rẹ̀ á di kùrukùru. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo àárọ̀ ṣe ìyẹn. Ẹ mú àkókò wá sílẹ̀ dé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ẹ jẹ́ kí ìgbì fọ́, kó gun yanrìn wá dé ẹsẹ̀ tripod, kí ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ìgbà tó bá yí padà, tó ń fa ìfófòó funfun yẹn lọ sínú òkun ní ìlà gígùn-gígùn, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì.